Ẹ Kú Òtútù o, Alàgbà Táǹkì Wàrà

Sí Alàgbà Táǹkì Wàrà,
Yàrá ẹ̀gbẹ́ ibi ìfúnwàrà,
Gbogbo oko màlúù oníwàrà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Alàgbà wa,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n 4 Celsius ni wọ́n fi yín sí tọ̀sán-tòru, ẹ kò sì húkọ́ rí. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe yín, ara yín ń kọ mànà. Bí ọkọ̀ agbéwàrà bá ti fa inú yín gbẹ báyìí, ẹ̀rọ á tún wẹ̀ yín mọ́ tónítóní. Àgbàlagbà tó rí irú ìtọ́jú yìí gbà lọ́wọ́ ọmọ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé bí mo bá bá yín sọ òótọ́ díẹ̀, kò ní pa yín lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà tí a kò kọ sí yín (mo mọ̀ pé ẹ pọ̀), ẹ jẹ́ kí n fi àgbà yìí hàn yín, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti yí. Ní oko màlúù oníwàrà níhìn-ín, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fún wàrà. Páìpù á gbé wàrà gbogbo agbo lọ sínú táǹkì kan ṣoṣo, wàrà Daisy, wàrà Bluebell, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀. Bí olóko tàbí dókítà ẹran bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì kan ti wọ agbo, owó àti wàhálà ni kí wọ́n mú igba màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Màlúù tó bá ti bá fáírọ́ọ̀sì jà rí ní áńtíbọ́dì lára, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tí ara dá sílẹ̀ fún ọ̀tá yẹn pàtó. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn máa ń bá wàrà jáde. Nítorí náà wọn kì í bi màlúù mọ́. Alàgbà Táǹkì ni wọ́n ń bi.

Èmi gan-an wà lára àwọn tí ń wá bi wọ́n. Iṣẹ́ ló gbé mi dé àárín màlúù aláwọ̀ méjì, iṣẹ́ ìgò ni mo sì ń ṣe. N óò jẹ́ kí ẹ̀rọ rú inú àgbà dáadáa, torí ọ̀rá máa ń léfòó, ẹni tó bá bù láìrú, irọ́ ló bù. N óò ṣí ìdérí, n óò ti ìgbákọ ọlọ́wọ́ gígùn bọ̀ ọ́, n óò da wàrà sínú ìgò kékeré tí hóró oògùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà kan. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ní àwo ike pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké 96, wọ́n ti lẹ ara fáírọ́ọ̀sì mọ́ ìsàlẹ̀ àwọn ihò náà. Wọ́n á kán wàrà sí i. Áńtíbọ́dì tó bá mọ ọ̀tá rẹ̀ rí á gbá a mú, omi á ṣan ìyókù dànù. Wọ́n á da oògùn lé e, búlúù á yọ. Wọ́n á fi ásíìdì dá a dúró, búlúù á di yẹ́lò. Bí yẹ́lò bá ṣe jinlẹ̀ tó ni áńtíbọ́dì ṣe pọ̀ tó. Yẹ́lò yẹn ni ohùn yín, Alàgbà. Òun náà ni ẹjọ́ tí mo bá yín wá rò.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́: ẹ ń gbẹnu sọ fún ẹni tí kò rán yín níṣẹ́. Abo tó ku bí oṣù méjì kó bímọ, tí wọ́n ti jẹ́ kí ọmú rẹ̀ gbẹ, kò sí lọ́dọ̀ yín. Èyí tí ọmú rẹ̀ wú tí wọ́n ń fún ní oògùn, wàrà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn yín lára. Akọ kò ní wàrà. Àwọn ọ̀dọ́ abo tí kò tíì bímọ rí wà ní pápá òdìkejì títì, àwọn ọmọ ọwọ́ wà nínú ilé tiwọn. Síbẹ̀ tí wọ́n bá béèrè pé ṣé àlàáfíà ni agbo wà, ẹ óò dáhùn láìwo ẹ̀yìn pé àlàáfíà ni. Àlàáfíà ta ni, Alàgbà? Àárín àwọn ọmọdé tí ẹ kò rí sójú rí gan-an ni àrùn sábà máa ń fi ṣe ibùgbé.

Èkejì: ẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àná àti òní. Ẹ jẹ́ ká mú BVD, àrùn ìgbẹ́ gbuuru màlúù tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1946. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kọ́ ni olórí ìṣòro rẹ̀. Abo kò ní lóyún, oyún á bàjẹ́, agbára tí ọmọ màlúù fi ń kojú àrùn mìíràn á dínkù, otútù àyà á wá parí iṣẹ́. Màlúù àgbà tó bá kó o sábà máa ń borí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fáírọ́ọ̀sì á lọ. Áńtíbọ́dì kò ní lọ ní tiẹ̀. Á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà mìíràn títí ọjọ́ ikú màlúù náà.

Olóko kan mú ìwé èsì yín wá bá mi ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti wá màlúù tó gbé àrùn náà wọlé rí, wọ́n sì ti pa á tipẹ́. Ó tẹ́ ìwé náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka tó dọ̀tí tẹ ibi tí wọ́n kọ "gíga" sí. Ó ní, "Ṣé táǹkì yìí ń bá mi ṣọ̀tá ni?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní àgbà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló máa ń dùn lẹ́nu wọn. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ àwàdà, ó ká ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí àwọn ìyá àgbà inú agbo náà kò bá tíì fẹ̀yìn tì, ìwé kan náà ni ẹ ó máa kọ sí i.

Kí n má ṣe àbòsí o. Àwọn ará Sweden mọ bí wọ́n ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti lé BVD kúrò nílùú ní 1993, wọn kò fún màlúù kankan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ọ̀rọ̀ yín sì mọ́ gaara. Wọ́n pín yẹ́lò yín sí ipele, láti 0 dé 3, wọn kò sì bi yín pé ta ni. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni pé, ṣé ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀? Ibi tó bá ga, wọ́n á wọlé lọ wo màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá wà nílẹ̀, wọ́n á padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí wọ́n ṣe lé e lọ nìyẹn. Ẹ rí i pé tí wọ́n bá bi yín ní ìbéèrè tí agbára yín ká, ọmọlúàbí ni yín.

Níhìn-ín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ oko ló ń gún màlúù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára BVD, abẹ́rẹ́ náà sì ń kọ́ ara ní áńtíbọ́dì, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin wá ń ké "olè, olè" lé àwọn ọlọ́dẹ lórí. Fún IBR, tó ń bá imú àti ọ̀nà ọ̀fun màlúù jà, àwọn onímọ̀ ní láti yọ púrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní gE kúrò lára fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́, kó lè jẹ́ pé màlúù tó bá ní áńtíbọ́dì sí gE, fáírọ́ọ̀sì gidi ló bá pàdé. Ẹ wo wàhálà tí wọ́n ṣe nítorí àìmọ̀yàtọ̀ yín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀daràn tí ẹ kì í dárúkọ.

Bí abo bá kó BVD nígbà tí oyún rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ sí oṣù mẹ́rin, tí oyún náà kò sì bàjẹ́, fáírọ́ọ̀sì á wọ inú ọmọ nígbà tí ara ọmọ kò tíì mọ ẹbí yàtọ̀ sí àlejò. Ọmọ á gbà á sí ẹbí. Wọ́n á bí i pẹ̀lú rẹ̀, kò ní dá ọmọ ogun kankan sílẹ̀ láti bá a jà, yóò sì máa tú u síta láti imú, itọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn á rán, irun wọn á rí wúruwùru, ọ̀pọ̀ kì í pé ọdún méjì kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń sanra, ojú wọn á fani mọ́ra, olóko á ní èyí ni n óò fi rọ́pò ìyá rẹ̀. Á lóyún, á bí ọmọ tó gbé kòkòrò kan náà wáyé, á sì bọ́ sí ìlà àwọn tí wọ́n ń fún.

Wàrà tirẹ̀ náà wá dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ni ẹ sọ nípa rẹ̀? Ẹnu yín wọlẹ̀! Kò ní áńtíbọ́dì, nítorí náà kò ní yẹ́lò. Nínú agbo tí gbogbo èèyàn ti fara gbọgbẹ́, ẹ kígbe pé ọgbẹ́ pọ̀. Ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ti rí olóko tó fẹ́ ta gbogbo màlúù tí àyẹ̀wò bá áńtíbọ́dì lára wọn, kó wá tọ́jú èyí tí kò ní. Àwọn tó ti jagun tó ti ṣẹ́gun ló fẹ́ lé jáde, kó wá pa ilé mọ́ fún ọ̀tá.

Ẹ má sọ pé ẹjọ́ yín kọ́ o. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi PCR wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ nínú wàrà yín dípò áńtíbọ́dì, màlúù kan péré bẹ́ẹ̀ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún á hàn. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ẹ dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé, "Ẹ bi mí ní nǹkan mìíràn"? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáhùn gbogbo ìbéèrè!

Tàbí ti ìyá aláboyún ni kí n sọ? Ó kó àrùn nínú oyún, ó borí rẹ̀, áńtíbọ́dì rẹ̀ pọ̀ yanturu, fáírọ́ọ̀sì kò sí lẹ́jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìwé rẹ̀ dára, ẹni tó rà á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Nínú oyún rẹ̀ ni ọmọ yẹn jókòó sí. Wọ́n ra ìyá, wọ́n gba èènì tí wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ọmọ náà bá sì bọ́ sílẹ̀ tó mu wàrà àkọ́fún ìyá rẹ̀, áńtíbọ́dì ìyá á wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì lè bo fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ireland, láti 2013, fi ń gé bíńtín lára etí ọmọ màlúù lákòókò kan náà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà sí i létí, kí wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì nínú ẹran etí yẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, 0.66% ọmọ tí wọ́n bí ló gbé e wáyé. Bí ọdún mẹ́wàá ti ń sún mọ́, ó ti wálẹ̀ dé mélòó kan péré nínú ẹgbàárùn-ún. Etí ni wọ́n bi, wọn kò bi yín.

Ó tún kù. Yẹ́lò kan náà lẹ fi ń jẹ́ iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra, ẹ kì í sì ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ Schmallenberg, fáírọ́ọ̀sì tí kantíkantí ń gbé kiri, tí wọ́n rí ní Jámánì ní 2011 tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú aláìlẹ́ṣẹ̀ pè, yẹ́lò yín túmọ̀ sí pé ó ti kọjá lọ. Ẹ ṣe dáadáa níbẹ̀. Tó bá jẹ́ IBR, kò kọjá. Ó sá pamọ́ sínú iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú orí màlúù, ọjọ́ ìnira ìrìnàjò tàbí ìbímọ ni yóò tún jí. Tó bá sì jẹ́ fáírọ́ọ̀sì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù, ẹni tó ní áńtíbọ́dì rẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì náà títí láé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni kókó máa ń yọ sí lára. Britain ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn láti 1999, wàrà inú yín sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà ní 2007, nígbà tí ìjọba wo táǹkì káàkiri, áńtíbọ́dì rẹ̀ wà nínú ti oko 83.9%. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Sísè tí wọ́n ń se wàrà ń pa á, ọ̀rọ̀ náà sì tutù bí inú yín.

Kí n tó gbàgbé: ní March 2024, tí àìsàn adìyẹ H5N1 wọ màlúù ní Texas àti Kansas, tí wàrà wọn ki, tó pọ́n bíi ti àkọ́fún, fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni wọ́n sáré wá nínú wàrà. Wọn kò dúró de áńtíbọ́dì. Àwọn ènìyàn ni áńtíbọ́dì wá tú àṣírí wọn. Nínú òṣìṣẹ́ oko wàrà 115 tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn ní Michigan àti Colorado lọ́dún náà, 8 ló ti bá a pàdé, gbogbo àwọn 8 ló sì wà lára àwọn tí ń fún wàrà tàbí tí ń fọ ibi ìfúnwàrà. Ẹ wò ó, àwọn tó ń wẹ̀ yín ni.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé áńtíbọ́dì tí ẹ ń gbẹnu sọ fún ti ṣe ohun ńlá rí, kí ẹ má baà rò pé ìwà búburú nìkan ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ní Nàìjíríà, nítòsí Jos, ìjọba dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom ní 1924, torí àrùn rinderpest tó ń run màlúù. Àrùn náà tún padà wá pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Kò sí táǹkì lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní darandaran, igbá ni ìyàwó fi ń ru wàrà lọ sọ́jà. Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà ẹran ń fà, màlúù kan lẹ́yìn òmíràn, èèyàn di ìwo mú, èèyàn di ìrù mú. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ àjẹsára títí, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n wá lọ ń wá áńtíbọ́dì lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ dáwọ́ dúró. Áńtíbọ́dì kò sí. Àìsí rẹ̀ náà ni ẹ̀rí, káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà, títí wọ́n fi kéde ní 2011 pé rinderpest ti kúrò láyé, àrùn kejì tí ènìyàn pa run lẹ́yìn ìgbóná. Ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n bi, Alàgbà: ọ̀dọ́ ni. Ọ̀dọ́ kò ní àná púpọ̀ láti máa rò, bó bá ní áńtíbọ́dì, a mọ̀ pé ẹnu àìpẹ́ yìí ni.

Àwọn ará Wales ti gbọ́ èyí. Láti July 2024, òfin wọn ní kí olóko máa ṣe àyẹ̀wò BVD lọ́dọọdún, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ bíi márùn-ún tó wà láàárín oṣù 9 sí 18, tí wọn kò gba abẹ́rẹ́, sì ni wọ́n ń wò. Oṣù 9, kí áńtíbọ́dì ìyá ti ṣíwọ́. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ní i, ọ̀daràn wà nínú ilé lónìí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó dùn yín tí wọ́n fi ọmọdé ṣe ẹlẹ́rìí níṣojú àgbà.

N kò ní kí wọ́n má bi yín mọ́. Owó yín kò wọ́n, ẹ sì ń gbọ́ tí nǹkan bá ti ń yí padà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè máa bá mi ṣe bí alájọ tó ka owó gbogbo ẹgbẹ́ tán, tó ní ayédèrú wà nínú rẹ̀, tó sì dìde lọ jẹun. Ta ló mú un wá? Nítorí náà, èsì lẹ́tà yìí, ẹ kọ ọ́ ní màlúù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà etí rẹ̀: èyí tó ní áńtíbọ́dì nítorí abẹ́rẹ́, èyí tó ní i nítorí ìjà àtijọ́, èyí tó lóyún nígbà tó kó o, àti èyí tí kò ní rárá tí n óò kọ́kọ́ lọ wò. Èsì tí kò bá ní nọ́ńbà etí, n kò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Èmi ni, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ẹni tí ń bu wàrà lọ́dọ̀ yín.